Ṣé O Mọ̀? Ìjà Ọ̀run àti Ilẹ̀ Nínú Fọ́tò

Ìtàn àwọn baba wa sọ pé Ọ̀run àti Ilẹ̀ jọ lọ dẹ̀gbẹ́, ẹmọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n rí pa, orí ẹmọ́ yẹn ni ìjà sì dé sí. Nínú fọ́tò, ìmọ́lẹ̀ ni wọ́n ń jà sí. Bí o bá fún sánmà ní ìwọ̀n tó tọ́ sí i, ilẹ̀ á ṣókùnkùn biribiri. Bí o bá fún ilẹ̀ ní tirẹ̀, sánmà á funfun báláú. Gbogbo ẹni tó ti gbé fóònù sókè rí níbi tí oòrùn ti ń wọ̀ ló mọ ìjà yìí. Ó ti lé ní àádọ́jọ ọdún tó ti ń jà, ọgbọ́n tí àwọn ènìyàn sì ti dá láti pẹ̀tù sí i kò kéré.

Ṣé o mọ̀ pé láàárín nǹkan bí ọdún 1850 sí 1880, ọ̀pọ̀ fọ́tò òkè àti àfonífojì ni kò ní sánmà kankan? Kì í ṣe pé kò sí ìkùukùu lọ́jọ́ tí wọ́n yà wọ́n. Lọ́dún 1851 ni Frederick Scott Archer, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé ọ̀nà collodion jáde: wọ́n á fi oògùn pa ojú gíláàsì, wọ́n á sì ya àwòrán sí i kí oògùn náà tó gbẹ. Ìmọ́lẹ̀ búlúù ni oògùn yìí ń rí jù. Ewé tútù, agbára káká ló fi ń rí i. Pupa kò sì jẹ́ nǹkan kan lójú rẹ̀. Kí igi àti òkúta tó bẹ̀rẹ̀ sí í fara hàn, sánmà á ti jó kọjá ààlà. Wo àwọn fọ́tò ńláńlá tí Carleton Watkins yà ní Yosemite ní California. Òkúta ibẹ̀ hàn kedere débi pé o fẹ́rẹ̀ẹ́ lè ka igi tó wà lórí rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan, àmọ́ pépà lásán ló wà lókè wọn. Àwọn ayàwòrán kan tiẹ̀ máa ń fi ọ̀dà bo ibi tí sánmà wà lórí nẹ́gátíìfù, ìyẹn gíláàsì tí wọ́n fi ń tẹ fọ́tò sórí pépà, nítorí pé sánmà tó funfun dọ́gba sàn lójú wọn ju èyí tó ní àbàwọ́n lọ. Ó dùn mí láti rò ó: àwọ̀ búlúù tí a fi mọ sánmà gan-an ló ń pa á rẹ́.

Ṣé o mọ̀ pé fọ́tò òkun tó lókìkí jù lọ láyé ìgbà yẹn, fọ́tò méjì ni? Gustave Le Gray, ọmọ ilẹ̀ Faransé tó kọ́ iṣẹ́ ọ̀dà kíkùn kó tó di ayàwòrán, lọ sí etíkun ìlú Sète lọ́dún 1857. Ó ya òkun sórí gíláàsì kan, ó sì ya sánmà sórí òmíràn, èyí tí kò jẹ́ kó pẹ́ nínú ìmọ́lẹ̀. Nígbà tó dé yàrá iṣẹ́ rẹ̀, ó bo apá òkè pépà, ó tẹ òkun sí ìsàlẹ̀. Ó wá bo ìsàlẹ̀, ó tẹ sánmà sókè. Ibi tí òkun ti pàdé sánmà ló fi ojú ìsopọ̀ náà pa mọ́ sí, torí pé ìlà gbọọrọ ni, kò sí orí igi tàbí òrùlé tó máa tú àṣírí. Ìgbì ń bì lu òkúta nísàlẹ̀, ìkùukùu wúwo lókè, méjèèjì sì pé. Ohun tó wú mi lórí jù nínú iṣẹ́ ọkùnrin yìí ni pé ó máa ń lo sánmà kan náà fún ju òkun kan lọ. Bí o bá tẹ́ àwọn fọ́tò rẹ̀ síwájú, tí o fara balẹ̀ wò wọ́n, wàá rí ìkùukùu kan náà lórí òkun méjì. Ní October 1999, ẹ̀dà kan nínú fọ́tò Sète yìí, The Great Wave, tà ní London ní ohun tó lé ní £500,000, kò sì sí fọ́tò tó tíì tà tó bẹ́ẹ̀ títí di ọjọ́ náà. Le Gray kò rí irú owó bẹ́ẹ̀ rí. Gbèsè lé e kúrò ní Paris lọ́dún 1860, ó bá òǹkọ̀wé Alexandre Dumas wọkọ̀ ojú omi lọ, kò sì padà sílé mọ́. Cairo ní ilẹ̀ Íjíbítì ló kú sí lọ́dún 1884, lẹ́yìn tó ti ń fi kíkọ́ni ní fífi ọwọ́ ya àwòrán jẹun níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ṣé o mọ̀ pé Eadweard Muybridge, tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ fọ́tò ẹṣin tó ń sáré, ṣe ìbòjú fún sánmà lọ́dún 1869? Ohun èlò náà máa ń bo apá òkè kí sánmà má bàa gba ìmọ́lẹ̀ púpọ̀ jù, nígbà tí ilẹ̀ bá ṣì ń gba tirẹ̀. Àwọn ayàwòrán kan ní Taiwan ń ṣe irú rẹ̀ láyé òde òní pẹ̀lú páálí dúdú lásán. Wọ́n á gbé kámẹ́rà sórí ẹsẹ̀ mẹ́ta, wọ́n á jẹ́ kí ojú rẹ̀ là sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá bíi mélòó kan, wọ́n á sì fi páálí náà bo ibi tí sánmà wà níwájú lẹ́ńsì. Wọ́n á máa mì ín sókè sódò láì dúró kí ààlà rẹ̀ má bàa hàn. Owó rẹ̀ kò tó nǹkan, ọwọ́ ẹni ló ṣe pàtàkì.

Ṣé o mọ̀ pé gíláàsì pupa lè sọ sánmà ọ̀sán di dúdú? Lọ́dún 1873, Hermann Wilhelm Vogel ní ilẹ̀ Jámánì rí i pé bí a bá po aró kan mọ́ oògùn fíìmù, á bẹ̀rẹ̀ sí í rí àwọ̀ tí kò rí tẹ́lẹ̀. Nígbà tí fíìmù wá lè rí pupa náà, ọ̀nà là. Gíláàsì pupa tí a gbé síwájú lẹ́ńsì kì í jẹ́ kí búlúù kọjá, sánmà tó jẹ́ búlúù á wá ṣú, ìkùukùu funfun á sì yọ jáde lára rẹ̀. Ní ọjọ́ 10 oṣù April 1927, Ansel Adams, ọmọ Amẹ́ríkà, dúró níwájú òkúta ńlá Half Dome ní Yosemite yẹn kan náà. Ó kọ́kọ́ fi gíláàsì aláwọ̀ ìyeyè yà á, kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Gíláàsì fíìmù kan ṣoṣo ló kù lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fi gíláàsì pupa jíjìn síwájú lẹ́ńsì, sánmà sì dúdú lẹ́yìn òkúta náà bí ó ṣe rí i lọ́kàn rẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé ojú rẹ fúnra rẹ̀ kì í fi ìwọ̀n kan ṣoṣo wo sánmà àti ilẹ̀? Ọmọlójú máa ń sún kì títí dé nǹkan bíi mìlímítà 2 nínú oòrùn, ti ọ̀dọ́ sì lè là tó mìlímítà 8 nínú òkùnkùn. Bí o bá dúró sí abẹ́ Òkè Olúmọ nírọ̀lẹ́, ojú rẹ á lọ sókè sí ìkùukùu, á padà sórí òkúta, á wọ inú ihò, á tún padà sókè. Níbi kọ̀ọ̀kan ló ti ń tún ara rẹ̀ tò, ọpọlọ á sì so gbogbo rẹ̀ pọ̀ fún ọ bí ẹni pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lo wò. Kámẹ́rà kò ní irú àǹfààní yẹn. Ìwọ̀n kan ló ní fún gbogbo ohun tó wà níwájú rẹ̀.

Stop ni àwọn ayàwòrán fi ń ka ìmọ́lẹ̀, stop kan sì ni ìlọ́po méjì. Nítorí náà stop 4 kì í ṣe ìlọ́po 4, ìlọ́po 16 ni. Stop 10 ti di ìlọ́po 1,024. Àwọn kámẹ́rà tó dára lóde òní lè kó nǹkan bíi stop 14 wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Ó pọ̀, ṣùgbọ́n níbo la fẹ́ kó o sí? Ibi tó funfun jù lórí pépà fọ́tò dídán kò ju nǹkan bí ìlọ́po 100 ibi tó dúdú jù lórí rẹ̀ lọ, ìyẹn kò sì tó stop 7. Bí kámẹ́rà bá tiẹ̀ rí ohun gbogbo, ẹni tó fẹ́ tẹ fọ́tò náà jáde ṣì ní láti yan ohun tó máa mú àti ohun tó máa jù sílẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé òfin fíìmù àti òfin kámẹ́rà òde òní ta ko ara wọn? Ẹni tó ń lo fíìmù nẹ́gátíìfù máa ń fún ibi tó ṣókùnkùn ní ìmọ́lẹ̀ tó tó, ó mọ̀ pé sánmà á fara dà á, pé òun ṣì lè rí i fà jáde nígbà tí òun bá ń tẹ̀ ẹ́. Bí o bá fi sẹ́ńsọ̀ kámẹ́rà òde òní dán irú rẹ̀ wò, wàá pàdánù. Àìmọye ojú wíwẹ́ tó ń gba ìmọ́lẹ̀ ló wà lára sẹ́ńsọ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì dà bí ìkòkò tí a gbé sábẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀. Tó bá ti kún, kò sí bí o ṣe lè wo ìkòkò náà kí o mọ iye òjò tó tún rọ̀ lẹ́yìn náà. Ibi tó bá kún nínú sánmà ti di òfìfo. Kò sí ètò kọ̀ǹpútà tó lè fa ìkùukùu ọjọ́ yẹn jáde níbẹ̀ mọ́, àfi tó bá fúnra rẹ̀ hùmọ̀ òmíràn. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tó ṣókùnkùn ṣì ní nǹkan nínú. O lè gbé e sókè tó bá yá, bó tiẹ̀ máa ní hóró-hóró díẹ̀ lára. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá bi mí pé sánmà ni kó kọ́kọ́ dáàbò bò. Ọ̀pọ̀ kámẹ́rà ló ní àmì tó máa ń ṣẹ́jú níbi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti kún jù. Tan àmì náà, kí o sì dín ìmọ́lẹ̀ kù títí ìkùukùu kò fi ní ṣẹ́jú mọ́.

Ṣé o mọ̀ pé ìṣirò orí ni wọ́n fi ya ọ̀kan nínú àwọn fọ́tò tó lókìkí jù lọ láyé? Adams tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan ń wakọ̀ lọ sí Santa Fe ní ìpínlẹ̀ New Mexico nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan lọ́dún 1941. Ó bojú wẹ̀gbẹ́ títì, ó rí òṣùpá tó ti yọ lókè abúlé Hernandez. Oòrùn tó ń wọ̀ lọ ń tàn sára àwọn àgbélébùú funfun inú itẹ́ òkú. Ó dá mọ́tò dúró, ó fi ìkánjú gbé kámẹ́rà ńlá rẹ̀ kalẹ̀, ó wá ohun tó fi ń wọn ìmọ́lẹ̀ títí, kò rí i. Oòrùn kò sì ní dúró dè é. Ló bá rántí iye tí ìmọ́lẹ̀ òṣùpá jẹ́: candle 250 fún ẹsẹ̀ bàtà onígun mẹ́rin kan. Orí òṣùpá ló bẹ̀rẹ̀ ìṣirò rẹ̀ sí, ó fi ihò lẹ́ńsì sí ìwọ̀n f/32, ó sì ṣí i fún ìṣẹ́jú àáyá kan. Ó fẹ́ ya ẹlẹ́ẹ̀kejì kó lè ní àrọ́pò. Bó ṣe ń yí ilé fíìmù padà báyìí ni ìmọ́lẹ̀ kúrò lára àwọn àgbélébùú náà. Ẹyọ kan ṣoṣo ló rí mú lọ sílé.

Sánmà rẹ̀ bọ́ sí i, ṣùgbọ́n ilẹ̀ iwájú fẹ́lẹ́ lórí nẹ́gátíìfù náà. Lọ́dún 1948 ó pinnu láti ki ìsàlẹ̀ rẹ̀ bọ inú oògùn kí ó lè nípọn sí i, bẹ́ẹ̀ sì rèé, kò ní òmíràn bí ìyẹn bá bàjẹ́. Ní gbogbo ìgbà tó bá sì ń tẹ fọ́tò yìí nínú yàrá òkùnkùn, á fi páálí ṣíji bo ilẹ̀, á jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ pẹ́ lórí sánmà kó lè dúdú. Ẹ̀dà tó tẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ ní ìkùukùu fẹ́ẹ́rẹ́ káàkiri òkè. Nínú àwọn tó tẹ̀ ní àwọn ọdún 1970, òkè ti dúdú kirikiri, òṣùpá nìkan ló kù níbẹ̀. Ó lé ní ẹgbẹ̀rún ẹ̀dà tó tẹ̀ láti ara nẹ́gátíìfù kan yìí. Adams kò tiẹ̀ rántí ọjọ́ tó yà á. Àwọn onímọ̀ nípa ìràwọ̀ ló wo ibi tí òṣùpá wà nínú fọ́tò náà, tí wọ́n ṣírò rẹ̀ padà: ọjọ́ kìíní oṣù November 1941, ní aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú 49 nírọ̀lẹ́.

Òṣùpá yẹn fúnra rẹ̀, òkúta tó ṣú ni. Nínú gbogbo ìmọ́lẹ̀ oòrùn tó bá a, nǹkan bí ìdá 12 nínú 100 ló ń dá padà. Òru lo wà, ṣùgbọ́n ọ̀sán gangan ni lórí òṣùpá, ìwọ̀n ọ̀sán sì ni kí o fi yà á. Ẹni tó bá fi ìwọ̀n òru yà á, àmì funfun tí kò lójú kò nímú ló máa rí.

Ṣé o mọ̀ pé ilẹ̀ tètè ń ṣú lọ́dọ̀ wa ju ti àwọn ará Yúróòpù lọ? Nítòsí ìlà agbedeméjì ayé, oòrùn fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ń já bọ́ tààrà. Ní Ìbàdàn, láti ìgbà tí oòrùn bá wọ̀ títí ìpele àkọ́kọ́ nínú ìmọ́lẹ̀ tó kù lẹ́yìn rẹ̀ fi máa lọ, kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 22 lọ. Ní London nínú oṣù June, ó lé ní ìṣẹ́jú 40, torí pé ẹ̀gbẹ́ ni oòrùn ibẹ̀ ń gbà wọ̀. Àsìkò yẹn gan-an sì ni sánmà ń rọ̀ wálẹ̀ sún mọ́ ìwọ̀n ilẹ̀, pàápàá bí o bá kọ ẹ̀yìn sí ibi tí oòrùn wọ̀ sí. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ ya àwọn òkè Ìdánrè nírọ̀lẹ́ gbọ́dọ̀ ti mọ ibi tó máa dúró sí kí oòrùn tó wọ̀. Ìwé tí àwọn ará Yúróòpù kọ ò lè ràn án lọ́wọ́ lórí èyí.

Ìwé kan náà á sọ fún ọ pé kí o má ya fọ́tò lọ́sàn-án gangan. Ó dáa, ṣùgbọ́n fílítà póláráísà, èyí tó ń mú kí búlúù sánmà jìn, ibi tó bá wà ní igun 90 sí oòrùn ló ti ń ṣiṣẹ́ jù. Nínú oṣù April àti September, oòrùn máa ń kọjá lókè orí wa gan-an ní ọ̀sán. Nígbà náà, igun 90 yẹn á yí ìsàlẹ̀ sánmà ká, níbi tí òkè ti pàdé ọ̀run, apá ibi yòówù tí o bá kọjú sí. Bí òjò bá ti fọ eruku kúrò lójú afẹ́fẹ́, dán an wò. Àmọ́ tí ọyẹ́ bá ti dé, tí eruku láti Bodélé ní ilẹ̀ Chad bá ti bo ojú ọjọ́, fi póláráísà sílé. Kò sí búlúù tó máa rí mú. Àǹfààní ọyẹ́ ni pé eruku yẹn máa ń rọ oòrùn lójú nígbà tó bá ń wọ̀, débi pé òun àti ilẹ̀ lè wọ fọ́tò kan náà láì jó.

Ṣé o mọ̀ pé omi ń bá ni la ọ̀run àti ilẹ̀ níjà? Òjìji sánmà tó wà nínú omi máa ń ṣókùnkùn ju sánmà fúnra rẹ̀ lọ. Bí o bá wo omi láti òkè tààrà, kò dá ju nǹkan bí ìdá 2 nínú 100 ìmọ́lẹ̀ padà. Bí o bá ṣe ń bẹ̀rẹ̀ sún mọ́ ojú omi ni iye náà ń gòkè, títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dá gbogbo rẹ̀ padà. Nítorí náà, bí iwájú fọ́tò rẹ bá ṣókùnkùn jù létí ọ̀sà, lọ sílẹ̀.

Fílítà aláàbọ̀ náà wà, tí apá òkè rẹ̀ dúdú, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ mọ́ gaara. Galen Rowell, ọmọ Amẹ́ríkà tó ń gun òkè, ló sọ ọ́ di ohun tí gbogbo ènìyàn ń wá, òun àti ilé iṣẹ́ Singh-Ray ló sì jọ ṣe tiwọn. Èyí tó ní ààlà gígé dára fún etíkun Badagry, níbi tí omi ti tẹ́ gbọọrọ. Má gbé irú rẹ̀ lọ sí ibi tí òkè ti yọrí sókè, torí á pa orí òkè náà dúdú pẹ̀lú sánmà.

Ṣé o mọ̀ pé bọ́ǹbù átọ́míìkì wà nínú ìtàn ohun tí fóònù rẹ ń ṣe? Nígbà tí Amẹ́ríkà ń dán bọ́ǹbù wò ní Òkun Pàsífíìkì, kò sí fíìmù tó lè gba iná àárín rẹ̀ àti èéfín etí rẹ̀ pọ̀. Charles Wyckoff wá ṣe fíìmù kan tó ní ìpele mẹ́ta: ọ̀kan yára gba ìmọ́lẹ̀, ọ̀kan wà láàárín, ọ̀kan lọ́ra gan-an. Lọ́dún 1997, Paul Debevec àti Jitendra Malik fi hàn bí kọ̀ǹpútà ṣe lè so fọ́tò oríṣiríṣi ìwọ̀n pọ̀ di ẹyọ kan. Ní 2010 ọgbọ́n yìí dé orí iPhone. Láti ọdún 2019 ni fóònù Pixel ti ń dá sánmà òru mọ̀ yàtọ̀ sí ilẹ̀, tó sì ń ṣú u fúnra rẹ̀ kó lè jọ òru. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni Photoshop jẹ́ kí ènìyàn lè yọ sánmà ọjọ́ kan kúrò kó sì fi ti ọjọ́ mìíràn sí i, ní títẹ bọ́tìnnì.

Àwọn kan á ní kò yàtọ̀ sí ohun tí Le Gray ṣe. Àríyànjiyàn yìí náà kì í ṣe tuntun. Ní 1917, Frank Hurley, ọmọ Ọsirélíà, so nẹ́gátíìfù oríṣiríṣi pọ̀ láti ṣe fọ́tò ogun ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù, sánmà tí kò sí níbẹ̀ sì wà lára ohun tó kó sínú wọn. Charles Bean, tó ń kọ ìtàn ogun náà, kọ̀ jálẹ̀. Ó ní irọ́ ni. Hurley halẹ̀ pé òun á fiṣẹ́ sílẹ̀. Ẹ̀yìn Bean ni mo wà lórí fọ́tò ogun, torí àwọn ènìyàn kú níbẹ̀. Lórí fọ́tò òkè àti omi, mo gba ẹni tó bá fẹ́ la ọ̀run àti ilẹ̀ ọjọ́ kan náà níjà láyè. Ohun tí mi ò fara mọ́ ni àṣà títan iná sí gbogbo òjìji, débi tí abẹ́ igi ìrókò á fi mọ́lẹ̀ tó ojú sánmà, tí ìrọ̀lẹ́ á sì jọ ọ̀sán. Òkùnkùn abẹ́ igi jẹ́ ara ohun tó mú ọ dúró wò ó.

Fóònù rẹ ń tan iná sí òjìji fún ọ láì bi ọ́. Bí o bá fẹ́ dá a dúró, tẹ ìka mọ́ ibi tó mọ́lẹ̀ jù nínú sánmà lójú fóònù náà, má gbé e kúrò títí àmì ìtìpa á fi yọ. Lórí ọ̀pọ̀ fóònù, àwòrán oòrùn kékeré kan á hàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Fà á wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, máa wo ìkùukùu bó ṣe ń padà wá, kí o sì dúró níbi tí ilẹ̀ bá ti ṣókùnkùn dé bí ojú rẹ ṣe rí i.